Pọn, Fà, Bù, Rù, Sọ̀: Iṣẹ́ Omi Láyé Ìgbà Tí A Wà Lọ́mọdé

Ẹ̀yin ọmọ mi àtijọ́, tí púpọ̀ nínú yín ti di bàbá-àgbà àti ìyá-àgbà báyìí, ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní London kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí òṣùká nínú àwòrán kan, ó bèèrè pé kí ni obìnrin yẹn ká sórí. Ó ní òṣùká ni, wọ́n fi ń ru omi. Ọmọ ní, "Ṣé kò sí ẹ̀rọ omi níbẹ̀ ni?" Ó wá ní kí n bá òun dá ọmọ náà lóhùn. Ìdáhùn ọ̀hún gùn ju lẹ́tà lọ, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá síbí.

Ẹ̀rọ omi wà o. Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, wọ́n ti sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé láti 1942 kí omi ẹ̀rọ lè wọ ìlú. Ṣùgbọ́n kí omi wọ ìlú yàtọ̀ sí kó wọ ilé. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò wa ń lò, kì í sì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń yọ. Lọ́jọ́ tó bá yọ, garawa á tò látibẹ̀ dé ojú ilé kejì. Lọ́jọ́ tí kò bá yọ, kànga ni, tàbí odò Kúdẹtì, ká wá ju álọ́ọ̀mù sínú àmù kí ìdọ̀tí lè sílẹ̀.

Ẹ wá wo bí èdè wa ṣe pín iṣẹ́ kan yìí sí wẹ́wẹ́. A ń pọn omi lódò. A ń fa omi ní kànga, nítorí okùn ni ọwọ́ ń fà. Tó bá ti wà nínú garawa, igbá la fi ń bù ú. Ẹnu àmù gbòòrò, dídà la ń da omi sí i. Ẹnu akèrègbè tóóró, rírọ la ń rọ omi sínú tirẹ̀. Àwọn méjì tó kù ni mo fẹ́ràn jù. Garawa tó bá kún, ẹnìkan kì í dá a gbé, ọmọ á ní, "Ẹ bá mi gbé e rù." Tó bá délé, á tún ké láti ẹnu ọ̀nà, "Ẹ bá mi sọ̀ ọ́ o!" Rù àti sọ̀ kò ṣeé ṣe láìsí ẹlòmíràn nítòsí. Àlejò tó ń kọjá lọ, tó bá gbọ́ ọ, á dúró. Lónìí, ọmọ á sọ fún yín pé òun ń lọ *fetch* omi. Gbogbo wọn ti wọnú *fetch*.

Garawa gan-an ní ìtàn tirẹ̀. Agolo kẹrosíìnì ni, ó ń gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin. Etíkun ni kẹrosíìnì gbà wọlé, ṣùgbọ́n Òkè Ọya ni orúkọ agolo rẹ̀ ti wá: *garwa* ni àwọn Hausa ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà ni tánganran. Bẹ́ẹ̀ náà ni fìtílà, tí àwọn Hausa fúnra wọn gbà lọ́wọ́ Lárúbáwá. Bàsíà àti sítóòfù ní tiwọn bá òyìnbó wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọjà gbà dé ilẹ̀ Yorùbá, kó wọ ilé ìdáná, kó bèèrè orúkọ lọ́wọ́ ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kó tún gbé garawa náà wò kó tó jáde. Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin omi tó kìlógíráàmù 18.

Ti ilẹ̀ gbígbá kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ̀ ni ìyá-àgbà wa ń pè é. Ìgbálẹ̀ tí gbogbo wa ń pè é báyìí, iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. A kì í gbálẹ̀ lálẹ́, wọ́n ní ire ilé là ń gbá dànù.

Iṣẹ́ tó jẹ́ tèmi ni ife àtùpà. Ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọnú ife, ọwọ́ ọmọdé ló ń wọ̀ ọ́. Èmi á fi àkísà rírọ̀ àti eérú kíkúnná nù ún títí á fi dán, èmi á gé ẹnu òwú kó má baà máa rú èéfín. Tí ife bá fọ́, ẹ má bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdí mi. Lọ́jọ́ Sátidé, ó kan áyọ́ọ̀nù eléèédú, èyí tí àkùkọ irin kékeré máa ń wà níwájú rẹ̀. A máa ń fì í síwá-sẹ́yìn kí iná lè ràn, ká tó gbé e lé aṣọ bàbá wa.

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, inú mi a máa dùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi náà kì í dákẹ́: ayé ìgbà yẹn dára, iṣẹ́ ilé ló sọ wá dènìyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ń sọ ọ́. Ọkùnrin ló pọ̀ nínú wa. Ife àtùpà ni tiwa, garawa ni tàwọn obìnrin.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 lọ́dún 1954 sí iye tó lé ní 800,000. Mo wà lára wọn. Wọ́n ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Ó kàn án, wọ́n kọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún márùn-ún jù mí lọ, ọwọ́ tiwọn ti kan etí tipẹ́. Wọn ò lọ. Ìyá wa ní ẹ̀kọ láti tà, àbúrò wa ṣì wà lẹ́yìn, àmù mẹ́ta sì gbọ́dọ̀ kún kí oòrùn tó yọ. Ìjọba gbé owó ilé-ìwé kúrò lọ́rùn òbí. Garawa ṣì wà lórí ọmọ. Mi ò fi èyí bú Awólọ́wọ̀ o, ṣebí ètò náà ló gbé mi dé yunifásítì. Ṣùgbọ́n tí àwa onímọ̀ bá ń kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, a máa ń ka owó, a máa ń ka olùkọ́ àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. A kì í ka omi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Mo ní, "Ẹ rántí bí òwúrọ̀ Kúdẹtì ṣe máa ń tutù?" Wọ́n ní, "Ìwọ rántí òwúrọ̀. Ọrùn lèmi rántí." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún mi: òṣùká aṣọ, òṣùká ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ fún ẹni tí kò láṣọ, ewé tí wọ́n ń fi lé ojú omi kó má baà dà sí wọn lára lójú ọ̀nà. Ẹ rántí *pọn*, *fà* àti *bù* tí mo máa ń kọ sójú pátákó fún yín, tí mo máa ń ní kí ẹ sọ ìyàtọ̀ wọn? Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọn ò jókòó ní kíláàsì kankan rí.

Mo ti ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, ó ti kún ìwé kékeré kan. Ẹni tó bá mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe òṣùká, tàbí ewé ojú omi yẹn, ní Ìjẹ̀bú, ní Èkìtì, ní Oǹdó tàbí ní Kétu lọ́hùn-ún, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Kẹ́ ẹ fi àmì ohùn sí i o. Ẹ ṣáà mọ̀ mí.