Òtìlí inú abọ́ kékeré ní Ọjà Kenyatta

 

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo mú wá. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ẹ fi Enugu àti àyíká rẹ̀ ṣe ibùgbé ni ó ń ná Ọjà Kenyatta ní Uwani. Ẹni tí ń kọ́lé mọ̀ ọ́n fún símẹ́ńtì àti páànù. Ẹni tí ń se ọbẹ̀ mọ̀ ọ́n fún nǹkan mìíràn. Orúkọ rẹ̀ mú ni rántí Jomo Kenyatta, ẹni tí ó di ààrẹ orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n ìtàn ìṣèlú kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìdí àwọn obìnrin tí ń ta oúnjẹ ni mo fẹ́ kí a lọ.

Gàrí ni ojú yóò kọ́kọ́ rí níbẹ̀, funfun àti pupa, òkìtì òkìtì. Iṣu ń bẹ, kókò ń bẹ. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, nínú abọ́ kékeré, ẹ ó rí ẹ̀wà wínníwínní tí àwọn Ìgbò ń pè ní fiofio. Òtìlí tiwa náà ni, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò mọ̀ mọ́. Ẹ ó rí achicha, èyíinì ni kókò tí a sè, tí a sá gbẹ, tí a óò tún sè pọ̀ mọ́ fiofio náà. Ẹ ó sì rí okpa, tí àwọn kan nílé wa ń pè ní ẹ̀pà-roro: wọn a lọ̀ ọ́, wọn a fi epo pupa pò ó, wọn a sì sè é bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín. Ta ni nínú yín tí ó ti pẹ́ ní Enugu tí kò tíì jẹ okpa gbígbóná ní kùtùkùtù òwúrọ̀?

Kí ni ó fà á tí gàrí fi di òkìtì, tí òtìlí sì di ti inú abọ́ kékeré? Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ní ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú ní ilẹ̀ yìí. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tí ó sì di 1916 ojú irin ti so Enugu mọ́ Port Harcourt. Ẹni tí ń wa èédú kò ráyè roko; àwọn ará oko ìhà Udi, Nkanu, Awgu àti Nsukka ni ó ń bọ́ ìlú. Ilẹ̀ orí òkè Udi títí dé Nsukka jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí kò lọ́ràá, àgbẹ̀ tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé irúgbìn kan ṣoṣo níbẹ̀ fi orí ara rẹ̀ wéwu. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbìn ín ní àgbìnpọ̀. Iṣu ni ti ọkùnrin, òun ni iyì rẹ̀. Àwọn obìnrin ni ó ń gbin kókò, ẹ̀wà oríṣiríṣi, ilá, ẹ̀gúsí àti ewébẹ̀ sí àárín ebè. Ohun tí ó ń gbé ọmọ dàgbà, àárín ebè ni ó ti ń wá.

Àlejò ni ẹ̀gẹ́ láàárín wa. Àwọn ará Pọtogí ni ó gbé e wá láti Bùràsíìlì. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ẹrú tí ó gba òmìnira, tí wọ́n padà láti Bùràsíìlì wá sí Èkó àti Àgbádárìgì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tí ó kọ́ni ní bí a ṣe ń yan gàrí. Ẹ ṣàkíyèsí pé nígbà tí àwọn baba wa ń to oúnjẹ ní ipò, iyán ni wọ́n pè ní oúnjẹ gan-an, wọ́n fi ọkà ṣe oògùn, wọ́n sì fi ẹ̀kọ sí ìgbà àìrí rárá; wọn kò tilẹ̀ dárúkọ gàrí. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò náà, ojú oúnjẹ tálákà ni wọ́n fi wo ẹ̀gẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Òpìtàn kan tí ń jẹ́ Don Ohadike ṣàlàyé ní ọdún 1981 pé àjàkálẹ̀ àrùn influẹ́ńsà ti 1918 sí 1919 wà lára ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ní ìsàlẹ̀ Odò Ọya. Àwọn tí ó wà ní agbára wọn ni àrùn náà pa jù. Iṣu ń fẹ́ apá ọkùnrin, ó sì ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó ṣẹ́kù lóun nìkan lè gbìn ín, ó sì lè fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ títí ebi yóò fi dé.

N kò bú ẹ̀gẹ́ o. Ó ti gba ẹ̀mí là ju bí ẹnikẹ́ni ti lè kà lọ. Ṣùgbọ́n ó ń yóni ju bí ó ti ń bọ́ni lọ. Nínú 100 gíráàmù gàrí, agbára káká ni a fi lè rí gíráàmù 2 èròjà pùrótéènì tí ń mú ara dàgbà. Nínú ìwọ̀n kan náà òtìlí tàbí okpa gbígbẹ, ó tó nǹkan bíi 20. Ẹ lè sọ pé, ṣebí bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe? Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí, oníṣègùn iṣan ara ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí nípa àrùn kan tí ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, tí ojú ń ṣú, tí etí ń di, ó sì lọ yẹ àwọn ará Ẹ̀pẹ́ wò. Ó tọ́ka sí oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ojoojúmọ́ tí kò ní alábàárìn. Oró sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́; rírẹ àti yíyan ń dín in kù, ṣùgbọ́n ara ń fẹ́ èròjà tí ó wà nínú ẹ̀wà, ẹyin, ẹran àti ẹja kí ó tó lè pa ìyókù rẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti bá a jiyàn lórí bí oró náà ti jẹ̀bi tó, ṣùgbọ́n ebi kò pa àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Wọ́n ń yó.

Ẹ̀rí kejì wúwo ju èyí lọ, n kò sì mẹ́nu kàn án láti ṣí egbò ẹnikẹ́ni. Enugu ni olú ìlú Bìàfírà ní May 1967. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní October 4 ọdún náà. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà òkun àti ti ilẹ̀, màlúù àti ẹ̀wà Òkè Ọya kò wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni òkúpọrọ́kọ́ àti iyọ̀. Ẹ̀gẹ́ ni ó kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé, àwọn mìíràn kò sì ní in rárá. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wú lẹ́sẹ̀ àti lójú, irun wọn pọ́n, awọ wọn ń bó. Àrùn náà ni kwashiorkor. Èdè Gã ni orúkọ yìí. Dókítà Cicely Williams ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ní Gold Coast ní àwọn ọdún 1930. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí gbogbo ohun tí ń fà á, ṣùgbọ́n ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú sórí oúnjẹ oníṣítáàṣì nìkan ni ó sábà máa ń mú. Caritas àti àwọn ìjọ Kristẹni yòókù ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó oúnjẹ láti São Tomé lọ sí Uli ní òru, ó lé ní ìgbà 5,000. Kí ni wọ́n ń kó? Òkúpọrọ́kọ́, wàrà, ẹ̀wà, iyọ̀: ohun tí gàrí kò ní gan-an.

Kì í ṣe ogun nìkan ni ó ń fa irú èyí. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, láàárín ilẹ̀ kòkó àti ní àkókò àlàáfíà, Dókítà David Morley ti ń wọn àwọn ọmọ wa lórí ìwọ̀n ní ìparí àwọn ọdún 1950, tí ó ń kọ ọ́ sínú káàdì tí ìyá ń gbé lọ sílé, kí wọ́n lè tètè mọ ọmọ tí kò sanra mọ́.

Báwo ni ó ti rí nísinsìnyí? Ní ọdún 2011 ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ ìyeyè mẹ́ta tí ó ní fítámìn A. Iṣẹ́ rere ni, ó lè gba ojú ọmọ là. Síbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé a ń rọ́ ẹrù gbogbo lé orí irúgbìn kan ṣoṣo, nígbà tí ewébẹ̀ tí ó ní èròjà kan náà ń hù ní ẹ̀yìn ilé. Okpa ní tirẹ̀ kò kú ní Enugu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń lọ̀ ti ń wá láti Òkè Ọya. Ní èrò tèmi, ẹ̀rọ ìlọta ni ó gbà á là, nítorí ìyẹ̀fun kì í pẹ́ jinná. Òtìlí kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Wákàtí bíi mélòó kan ni ó fi ń wà lórí iná, igi ìdáná àti gáàsì sì ti di ọ̀wọ́n. Ìyá tí ó lọ sí oko, tí ó tún lọ sí ọjà, kì í ṣe ọ̀lẹ bí ó bá rọ omi gbígbóná lé gàrí.

Irúgbìn kò tíì parun. Ní ilé iṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wọ́n kó irúgbìn ẹ̀wà tí ó lé ní oríṣi 15,000 pamọ́ sínú òtútù, ẹ̀pà-roro náà sì ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà Ìbàdàn bá jìn sí lè lọ sí Kenyatta. Fiofio tí ó wà nínú abọ́ ìyá yẹn kì í ṣe fún ìkòkò nìkan: bí kò bá ti pẹ́ jù, tí kòkòrò kò sì tíì jẹ ẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ gbìn ín sí ẹ̀bá ọgbà nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò hù.