Ibo ni iná wà? Ìtàn ààrò èéfín, fún ẹni tó fẹ́ ní àkọ́kọ́ tirẹ̀



Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Glei àti ní Atakpamé ti rí ohun tuntun kan lórí fóònù, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jó irin pọ̀ fún wọn kí wọ́n lè ní irú rẹ̀. Ààrò irin gbọọrọ ni, tí àwọn ará Texas ní Amẹ́ríkà fi ń yan ẹran lẹ́yìnkùlé. Àgbá ńlá kan dùbúlẹ̀, àpótí kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, páìpù èéfín sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú àpótí kékeré yẹn ni igi ti ń jó. Ẹran kò sí lórí iná rárá. Ooru àti èéfín ló ń kọjá lára ẹran kí wọ́n tó gba inú páìpù jáde.

Ibi iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ààrò yìí ti wá. Àwọn tó ń jó irin pọ̀ ní pápá epo Texas rí àjẹkù páìpù tó nípọn, wọ́n gé e, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìyanran. Ìdí nìyẹn tí irin èyí tó dára fi máa ń nípọn tó mìlímítà 6. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó san owó ni pé ìbéèrè tí ààrò yẹn dáhùn, ìyẹn ibi tó yẹ kí iná wà, kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn obìnrin etí òkun tiwa náà ti jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀, ìdáhùn wọn sì lè wúlò fún yín ju ti Texas lọ.

Ọ̀dọ̀ ọdẹ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ọdẹ tó bá lo ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún nínú igbó kò lè gbé òyà tàbí ìgalà tútù wálé. Yóò ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, yóò to igi tútù lé wọn lórí bí ibùsùn, yóò dá iná kékeré sábẹ́, ẹran yóò sì máa gbẹ díẹ̀díẹ̀ nínú èéfín. Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ẹran tí àwọn Hausa ń tà fún wa lẹ́bàá títì lálẹ́. Orí ògúnná gbígbóná ni ìyẹn ti ń jiná kíákíá, kì í sì í di ọjọ́ kejì. Èyí tí mo ń sọ gba wákàtí púpọ̀, a sì ń ṣe é kí ẹran lè pẹ́ kó má bàjẹ́.

Àwa tí a fi Faransé kàwé mọ ọ̀rọ̀ náà boucaner dáadáa. Ẹnu àwọn Tupi ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ni Faransé ti gbọ́ boucan, orúkọ àtẹ igi irú ti ọdẹ wa yìí gan-an. Ní ọ̀rúndún 17, àwọn Faransé tó ń dọdẹ màlúù ìgbẹ́ ní erékùṣù Hispaniola ń yan ẹran lórí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe di boucaniers nìyẹn, kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó di olè ojú omi. Ẹnu àwọn Taino, àwọn onílé erékùṣù náà, ni barbacoa sì ti jáde, òun ni gbogbo ayé ń pè ní barbecue lónìí. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òyìnbó ló kọ́ ayé ní ẹran yíyan, ẹ rín in lẹ́rìn-ín.

Ní etí omi, ẹja pọ̀ ju ohun tí igi mẹ́rin lè gbà. Àwọn obìnrin fi amọ̀ mọ ààrò roboto. Nígbà tí àgbá epo onírin wọ ọjà, wọ́n gé e, wọ́n dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún igi, wọ́n tẹ́ wáyà sí ẹnu rẹ̀. Iná wà lábẹ́ ẹja tààrà. Ẹja ìsàlẹ̀ ń jóná, ti òkè ṣì tútù, obìnrin náà sì ní láti máa fi ọwọ́ yí wọn padà nínú èéfín láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹ wo ojú àwọn ìyá tó ti ń yan ẹja láti ìgbà èwe wọn, ẹ ó rí ohun tí mò ń sọ. Igi tí irú ààrò bẹ́ẹ̀ ń jẹ kò sì kéré.

Ní nǹkan bí 1969 sí 1970, àwọn obìnrin Chorkor, àdúgbò apẹja kan ní Accra, jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí oúnjẹ Gánà àti FAO. Ààrò Altona ti wà kí tiwọn tó dé, ó sì gbé orúkọ àdúgbò kan ní Hamburg, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ wọ́n jù fún ẹni tó ń yan ẹja jẹun. Èyí tí wọ́n ṣe ní Chorkor rọrùn débi pé ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó tètè rò ó. Amọ̀ tàbí bíríkì onígun mẹ́rin ni, ó ní ẹnu iná méjì nísàlẹ̀. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń to àtẹ onígi sí, tí wáyà wà ní ìdí rẹ̀, lórí ara wọn, ó lè tó 10 tàbí 15. Àwọn àtẹ náà fúnra wọn ló di ògiri tí èéfín ń gbà lọ sókè! Dípò kí obìnrin máa yí ẹja kọ̀ọ̀kan, àtẹ òkè ló ń gbé sísàlẹ̀, tó ń gbé ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Igi tó ń jẹ dín kù, ẹja tó ń gbà pọ̀ sí i. Ní àwọn ọdún 1980, UNICEF àti ìgbìmọ̀ ìjọba Gánà fún ọ̀ràn obìnrin gbé e kiri, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà.

Àbùkù kan ló kù: iná ṣì wà lábẹ́ ẹja. Bí ọ̀rá bá kán sínú iná, ó ń jó, ẹ̀jó rẹ̀ a gòkè, a lẹ̀ mọ́ ẹja. Benzo(a)pyrene, èròjà tó ń fa jẹjẹrẹ, wà nínú ẹ̀jó yẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2014, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dín ohun tí wọ́n gbà láàyè nínú kílò kan ẹja tàbí ẹran aláfín kù, láti máíkírógíráàmù 5 sí 2. Oníṣòwò tó ń kó ẹja wa lọ fún àwọn ọmọ wa nílẹ̀ òkèèrè wọ ìṣòro. Ní Thiaroye, nítòsí Dakar, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹja àti FAO tún ààrò Chorkor ṣe. Ògúnná rọ́pò iná tó ń jó fòò. Àwo irin wà láàárín ògúnná àti ẹja, ọ̀rá ń kán sínú rẹ̀, ó sì ń ṣàn jáde. Èéfín ní ibi tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀nà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Texas náà ni: ọ̀rá àti iná kò gbọdọ̀ pàdé. Àléébù ti Thiaroye ni owó rẹ̀.

Kí ni kí ará Glei wá ṣe? Láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò Mono ní Nangbéto ní 1987, ẹja tútù ti súnmọ́ wa, kì í ṣe òyà nìkan là ń yan mọ́. Fún ìdílé tó ń yan nǹkan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní tèmi, amọ̀ sàn ju irin lọ. Ẹ mọ àpótí bíi ti Chorkor, ẹnu kan tó, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ilé iná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ooru gba ihò kan wọlé sábẹ́ àtẹ. Ẹ gbé àwo irin sábẹ́ ẹran. Amọ̀ tó nípọn ń di ooru mú. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ò lè ṣe é, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kan báyìí, ó ti tutù.

Ẹni tó bá taku pé irin lòun fẹ́, kó yẹ àgbá náà wò. Èyí tó ti gbé oògùn oko rí, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n fi síǹkì bò, ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èéfín síǹkì tó gbóná jù jẹ́ májèlé. Kí ihò páìpù máa wà ní ṣíṣí. Ẹnu ilé iná ni kí ẹ ti máa dín afẹ́fẹ́ kù. Èéfín funfun tó nípọn ń mú ẹran korò, igi tútù ló sì ń mú un wá. Máńgòrò gbígbẹ dára, àyin náà dára. Tíìkì tí àwọn Jámánì kó wá sí Tógò pọ̀ lójú ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n ó ní òróró nínú, ẹ fi í kọ́lé. Ìlànà Codex ti 2009 pàápàá kìlọ̀ nípa igi olóje, igi tí wọ́n kùn, àti rọ́bà. Ẹ̀yin tó ń fi ike tanná, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin wa. Igẹ̀ màlúù tí ẹ ń rí nínú fídíò yẹn ń lo wákàtí 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ooru ìwọ̀n 110 sí 120, ẹnìkan sì ń fi igi sí i ní bíi ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí. Kí ẹ tó pe ẹni tí yóò jó irin, ẹ kọ́kọ́ pinnu nílé ẹni tí yóò jókòó tì í. Bí ó bá jẹ́ ìyá yín tàbí àbúrò yín obìnrin lẹ ní lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí àwọn ni wọ́n yan irú ààrò tí a ó mọ, àti ibi tí ẹnu iná yóò kọjú sí.