Ìwé Eré àti Ìwé Àṣẹ: Paulin Vieyra ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sinimá ní Paris

Ní 1952, Paulin Soumanou Vieyra wọ IDHEC ní Paris, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí Marcel L'Herbier dá sílẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún ìmọ̀ sinimá. Òun ni àwọn òpìtàn kà sí ọmọ Áfíríkà dúdú àkọ́kọ́ tí ó gboyè níbẹ̀. Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, ni wọ́n bí i sí ní 1925; orúkọ ìdílé rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú orúkọ àwọn Àgùdà ìlú náà. Láti kékeré ni wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé láti lọ kàwé. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè ni a ó pè é? Lábẹ́ òfin, kì í ṣe àjèjì, nítorí abẹ́ Faransé ni Dàhòmì wà. Síbẹ̀, kò lè gbé kámẹ́rà lọ sí ìlú tí wọ́n ti bí i láìgba àṣẹ.

Òfin tí ó fà á ni èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Pierre Laval pè, tí ó jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 1934. Ó pa á láṣẹ pé ẹni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí Faransé mú sìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé eré rẹ̀ àti orúkọ àwọn tí yóò bá a ṣiṣẹ́ han ìjọba. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé eré tí wọ́n ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti fi to èrò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ni ìwé kan náà tí aláṣẹ yóò fi mọ ohun tí ó fẹ́ sọ kí ó tó sọ ọ́. Òfin náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: René Vautier, ọmọ Faransé tí òun náà jáde ní IDHEC, ṣẹ̀wọ̀n nítorí fíìmù rẹ̀, Afrique 50.

Nígbà tí Vieyra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan, kò rí àṣẹ gbà láti ya fíìmù nílé, Paris ni wọ́n kọ kámẹ́rà sí. Èso rẹ̀ ni Afrique sur Seine, ní 1955. Kò gùn rárá, kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú lójú pópó, nílé kọfí, létí odò Seine, pẹ̀lú ohùn kan tí ń fi èdè Faransé ṣàlàyé. Nígbà tí mo fi í han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ìbéèrè tí ó kọ́kọ́ jáde ni pé níbo wá ni Áfíríkà wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Àwọn kan máa ń bu fíìmù náà kù pé ó rọ̀ jù sí amúnisìn. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ síta, ìta ni yóò yà. Bí Áfíríkà ṣe ṣọ̀wọ́n nínú àwòrán náà gan-an ni ẹ̀rí ohun tí òfin ṣe.

Ọlá Balógun, tí wọ́n bí ní Aba ní 1945, kàwé ní IDHEC bákan náà ní ìparí àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n òmìnira ti dé nígbà náà. Ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀. Fún Àjàní Ògún, àárín àwọn òṣèré orí ìtàgé ló lọ, ó bá Dúró Ládiípọ̀ àti Adé Fọláyan ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré Yorùbá ìgbà náà ni kì í gbára lé ìwé eré. Wọn a mọ ìtàn, wọn a sì wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tí ń kọ ìtàn sinimá wa bí ẹni pé láti Paris nìkan ni ó ti wá. Ìmọ̀ kámẹ́rà ni Paris fún un. Ẹnu àwọn òṣèré ni èdè fíìmù náà ti jáde.

Ní 1979, Balógun ya Ìjà Òmìnira láti inú Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ìwé ìtàn àròsọ Adébáyọ̀ Fálétí. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó kọ́kọ́ fi ìwé eré náà ránṣẹ́ sí Paris.