Ìjàkadì Tí A Ń Sanwó Wò: Ìtàn Àwọn Olùṣètò Aládàáni ní Sẹ̀nẹ̀gàl

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìran kan ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí kò mọ ìjàkadì, ṣùgbọ́n Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó ti di òwò ńlá lọ́wọ́ àwọn aládàáni, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fi owó ara wọn gba pápá, tí wọ́n ń bá oníjàkadì méjì dúnàádúrà títí wọn yóò fi gbà láti kojú ara wọn, tí wọ́n sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún òǹwòran. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a pè ní olùṣètò nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí òǹkàwé tí ó wà ní Bétérou, ní ìjọba ìbílẹ̀ Tchaourou lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí odò Ouémé gbà kọjá tí àwọn Nàgó, àwọn Baatonu àti àwọn Fúlàní sì jọ ń gbé, nítorí pé bí a bá kọjá ẹnubodè sí ìwọ̀-oòrùn, ní agbègbè Kara ní Tógò, àwọn Kabiyè ń ja Évala lóṣù keje ọdọọdún, èyí tí í ṣe ètùtù tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń di àgbà láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjàkadì ṣe wọ inú oríkì àwọn ará Ọ̀fà ní Nàìjíríà, tí kò sì ṣeé yọ kúrò níbẹ̀. Ní àwọn ibi wọ̀nyí, ìlú ni ó ni eré. Àgbààgbà ni í pe ọjọ́, gbogbo ará ìlú ni í sì wòran lọ́fẹ̀ẹ́. Dakar ni ọ̀nà ti yà.

Kí ó tó di òwò, ìgbà ìkórè ni àwọn Sérè ti ilẹ̀ Sine àti Saloum, àwọn Wolof, àti àwọn Jola ti Casamance máa ń ja ìjàkadì wọn. Bí wọ́n bá ti kó ọkà àti ẹ̀pà wọlé tán, abúlé kan á ránṣẹ́ pe èkejì, wọn á sì ja ìjà alẹ́ tí wọ́n ń pè ní mbapatt, níbi tí ẹ̀ṣẹ́ kò ti sí rárá. Màlúù kan, àpò oúnjẹ kan tàbí aṣọ ni ẹni tí ó borí ń gbé lọ sílé, ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé rẹ̀ tí àwọn ọmọbìnrin yóò máa kọ lórin ni èrè tí ó ń wá gan-an.

Ní nǹkan bí ọdún 1927, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Maurice Jacquin, tí ó ní ilé sinimá El Malick ní Dakar, ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n wá láti ìgbèríko tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ nígboro ń ṣàárò eré ilé wọn. Ó kó ìjàkadì wọ inú ọgbà ilé sinimá náà, ó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gba àwọn oníjàkadì láàyè láti máa lu ara wọn ní ẹ̀ṣẹ́, kí ìran náà lè gbóná sí i. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni wọ́n ka ẹ̀ṣẹ́ yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìjàkadì olówó, ṣùgbọ́n ọgbà tí a ṣọ́ ẹnu rẹ̀ ni ó yẹ kí a kà sí i, nítorí pé láti ọjọ́ tí ẹni tí kò sanwó kò ti lè wòran mọ́ ni eré ti bọ́ lọ́wọ́ abúlé tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò.

Ìjàkadì tòun tẹ̀ṣẹ́ yìí, tí àwọn Wolof ń pè ní làmb, ní òfin tirẹ̀. Orí iyanrìn ni wọ́n ti ń jà, nínú agbo tí wọ́n fi àpò iyanrìn yí ká. Ẹni tí ẹ̀yìn, ìdí tàbí orí rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí ọwọ́ méjèèjì àti orúnkún méjèèjì rẹ̀ bá jọ kanlẹ̀. Bàǹtẹ́ tí wọ́n ń pè ní ngemb ni oníjàkadì ń sán, tírà àti ìfúnpá a sì kún apá, ọrùn àti ìbàdí rẹ̀. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, yóò máa rìn yí agbo ká, yóò máa da ìgò kan tẹ̀ lé èkejì lé ara rẹ̀ lórí, omi tí àwọn àáfà ti gbàdúrà sí tàbí wàrà, nígbà tí àwọn onílù sabar àti tama, tí ó jọ gángan tiwa, ń kó ijó sí i lẹ́sẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń ké bàkk, ìyẹn oríkì tí oníjàkadì ń fi ki ara rẹ̀, tí ó fi ń ka iye akọni tí ó ti dá. Gbogbo èyí lè gba wákàtí mélòó kan, tí ìjà fúnra rẹ̀ kò sì ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn olùṣètò gbọ́n tó láti má ṣe gé e kúrú, torí pé òun ni ó jẹ́ kí òǹwòran tí ó sanwó mọ̀ pé eré baba òun ni òun ṣì ń wò.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, àdúgbò ni ó gbé òwò náà ró. Ẹgbẹ́ ìjàkadì, tí wọ́n ń fi èdè Faransé pè ní écurie, di ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́, èyí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù nínú wọn ni ti Fass, níbi tí Mbaye Guèye ti gba orúkọ Ẹkùn Fass, tí àbúrò rẹ̀ Moustapha Guèye sì jogún orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Robert Diouf, Mame Gorgui Ndiaye àti Double Less wà lára àwọn tí wọ́n fa èrò kún pápá láyé ìgbà náà.

Àyípadà tí ó tóbi jù lọ dé ní ìparí àwọn ọdún 1990 pẹ̀lú Mohamed Ndao, ọmọ Pikine, tí ó gba orúkọ Tyson lára abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ọmọ Amẹ́ríkà, tí ó ń da àsíá Amẹ́ríkà bora wọ pápá, tí ó sì kọ̀ láti jà fún owó kékeré. Àwọn àgbà bínú sí i, àwọn ọ̀dọ́ ìran Bul Faale (èdè Wolof tí ó túmọ̀ sí “má kà á sí”) sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó rí olùṣètò tí ó bá a mu, ìyẹn Gaston Mbengue, ẹni tí ó fi òye wá owó lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù àti tẹlifíṣọ̀n dípò kí ó gbẹ́kẹ̀ lé tíkẹ́ẹ̀tì nìkan. Luc Nicolaï ti Mbour àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, wọ́n ń bá ara wọn dupò, owó ìjà àwọn gbajúmọ̀ sì gòkè títí ó fi lé ní 100 mílíọ̀nù sẹ́fà. Nígbà tí Balla Gaye 2, ọmọ Double Less, dá Yékini tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá rí fún nǹkan bí ọdún 15, ní pápá Demba Diop ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2012, gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń sọ ọ́.

Owó púpọ̀ bí èyí ì bá ti tú eré náà ká bí kò bá sí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fún Àkóso Ìjàkadì, tí wọ́n ń pè ní CNG, èyí tí oníṣègùn Alioune Sarr darí láti ọdún 1994 fún ohun tí ó lé ní ọdún 25. Ìjọba ni ó yan ìgbìmọ̀ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣètò ìjà fúnra rẹ̀; ó gba olùṣètò láàyè láti ṣòwò, ó sì ní dandan ni kí ó fi ìyókù owó oníjàkadì lẹ́yìn àsansílẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ kí ọjọ́ ìjà tó pé. Bí oníjàkadì bá ṣẹ̀ sí òfin, inú owó yìí ni wọ́n ti ń yọ ìtánràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni olùṣètò àti oníjàkadì ń ráhùn nípa ìlànà yìí, síbẹ̀ òun gan-an ni kò jẹ́ kí ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ jà padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ibùdó ìjàkadì kò tètè wà. Pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń yá lò, ìjànbá tí ó sì pa ènìyàn 8 níbi ìdíje bọ́ọ̀lù ní Demba Diop ní oṣù keje ọdún 2017 ti pápá náà pa. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2018, Ṣáínà fa Gbàgede Ìjàkadì Orílẹ̀-èdè tí ó kọ́ sí Pikine lé Sẹ̀nẹ̀gàl lọ́wọ́, èyí tí ó gba 20,000 òǹwòran, níbẹ̀ sì ni Modou Lô ti dá Eumeu Sène ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Láti inú iyanrìn yìí kan náà ni Oumar Kane, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, ti jáde lọ gba àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé ẹgbẹ́ ìjà àdàlù (MMA) ONE Championship ní Bangkok ní oṣù kọkànlá ọdún 2024.

Àléébù kan ṣì wà tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin Jola ń jìjàkadì ní abúlé wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, Isabelle Sambou tí ó ti àárín wọn jáde sì ṣojú Sẹ̀nẹ̀gàl ní Òlíḿpíìkì London ọdún 2012 àti ti Rio ọdún 2016, ṣùgbọ́n àwọn olùṣètò làmb kò fún obìnrin láàyè nínú agbo tí owó wà. Ẹni tí ó bá ní in lọ́kàn láti dá irú òwò yìí sílẹ̀ ní Tchaourou tàbí ní Parakou, ìlànà fífi owó oníjàkadì pamọ́ ṣáájú ìjà ni kí ó kọ́kọ́ mú lọ́dọ̀ àwọn ará Dakar, kí ó sì ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀.