Igbá, Odò Ọ̀tìn àti Ogun Jálumi

Bí a bá dárúkọ ọkọ̀ ojú omi, Èkó àti Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lọ. Àwa ará òkè pẹ̀lú ní ọkọ̀ tiwa rí: igbá ni. Létí odò Ọ̀ṣun nígbà òjò, èrò ọ̀nà a gbá igbá ńlá mọ́ àyà, awẹdò a sì máa lúwẹ̀ẹ́ tì í títí wọn yóò fi gúnlẹ̀ sí òdìkejì.

Ẹnì kan tàbí méjì ni igbá lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó alájàpá. Kò tó ogun tí ń sá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ́fọ̀n kó ogun Ìbàdàn, ó ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun, tí kò jìnnà sí Ìrèsì. Odò Ọ̀tìn sì kún. Àwọn ará Ìlọrin tí ń sá lọ sílé já lu omi, ọ̀pọ̀ wọn sì bá a lọ. Àwọn òpìtàn a máa ka ìbọn àti balógun. Lójú tèmi, odò yìí ja ogun náà ju ọ̀pọ̀ balógun lọ. Àwọn tí ó sọ ogun náà ní Jálumi kò gbàgbé rẹ̀.