Bí Àmì Yorùbá Ṣe Dé Ojú Terminal Linux

Ìtàn kíkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn lójú terminal, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ títẹ̀ nìkan ni ènìyàn fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ti bẹ̀rẹ̀ kí Linux, ètò tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, tó dé. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́, tí a tẹ̀ jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974, ti fi ẹsẹ̀ ọ̀nà ìkọ̀wé Yorùbá múlẹ̀ lórí ìwé, ṣùgbọ́n ASCII, àkójọ lẹ́tà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fún ẹ̀rọ ní 1963, kò ní ju àyè 128 lọ, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Nígbà tí àkójọ ISO 8859-1 jáde ní 1987, à àti é wọ inú rẹ̀ nítorí Faransé àti àwọn èdè Yúróòpù mìíràn, àmọ́ àwọn lẹ́tà tí ó ní àmì lábẹ́ kò rí àyè, nítorí náà ìdajì Yorùbá ni ẹ̀rọ lè kọ.

Ní 1991 ni Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Fínlándì, ọdún yẹn náà sì ni ìwé àkọ́kọ́ Unicode jáde, èyí tí ó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́mbà tirẹ̀. Èdè Vietnam ni ẹ àti ọ bá wọ inú Unicode. Wọn kò ṣe ọ̀ àti ẹ́ ní odidi, nítorí náà àmì ohùn ní láti jẹ́ nọ́mbà ọ̀tọ̀ tí yóò tẹ̀ lé lẹ́tà. Ní 1992 Ken Thompson àti Rob Pike ṣe UTF-8, ọ̀nà tí a ń gbà fi báìtì, ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, kọ àwọn nọ́mbà wọ̀nyí.

Orúkọ Baṣọ̀run, àdúgbò kan ní Ìbàdàn, fi ìṣòro náà hàn kedere: lẹ́tà méje ni ojú ń rí, nọ́mbà Unicode mẹ́jọ ni ẹ̀rọ kà, báìtì 13 ni ó sì gbà, nítorí pé ṣ gba mẹ́ta, ọ̀ sì gba márùn-ún. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe terminal gbà pé báìtì kan, lẹ́tà kan, àyè kan lójú ẹ̀rọ ni. Ìdí nìyẹn tí àmì fi ń já kúrò lórí lẹ́tà tí kọ́sọ̀, àmì tí ń fi ibi tí a ń kọ̀wé dé hàn, sì ń ṣìnà nígbà tí ènìyàn bá ń parẹ́. Red Hat 8.0, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, sọ UTF-8 di àṣà rẹ̀ ní 2002, nígbà tí ó sì di 2004, Linux 2.6.4 ti mọ bí a ṣe ń pa gbogbo báìtì nọ́mbà Unicode kan rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Títẹ̀ ti rọrùn sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bọ́tìnnì Compose, lẹ́yìn náà ! àti o, ń mú ọ jáde. Àṣẹ setxkbmap ng yoruba sì ń pe kíbọ́ọ̀dù Yorùbá tí ó máa ń bá Linux wá. Ní Ìbàdàn, African Languages Technology Initiative tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ náà ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá.

Èyí tí ó ṣòro jù lọ ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀ lè jẹ́ ọ tí a fi àmì ohùn sí lórí, ó sì lè jẹ́ ò tí a fi àmì sí lábẹ́. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n fáìlì méjì tí ń jẹ́ Baṣọ̀run lè wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àṣẹ grep tí ó ń wá ọ̀kan kò sì ní rí èkejì. Unicode ní ìlànà kan, NFC, tí ó ń sọ oríṣi méjèèjì di ọ̀kan. Kí gbogbo ẹni tí ó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún orúkọ Yorùbá, ní ilé ìwé, ilé ìfowópamọ́ tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba, máa lo NFC kí wọ́n tó fi orúkọ kan wé èkejì.