Ògúndé: Ọjọ́ Tí Coltrane Ṣeré Nílé Olátúnjí

Láti Èmùrè-Èkìtì ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ kọ́kọ́ dín ohùn fóònù yín kù, kí ẹ má baà rò pé sípíkà yín ló ti bàjẹ́.

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 1967 ni wọ́n gbà á sílẹ̀, ní òpópónà 125 ní Harlem, New York. Ọmọ ilẹ̀ wa ló ni ibẹ̀: Bàbátúndé Olátúnjí, onílù, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, tó wá kàwé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950, tó sì dá ilé àṣà Áfíríkà sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni òun àti John Coltrane, afọnfèrè jáàsì ńlá nì. Coltrane ti fi orin “Tunji” yẹ́ ẹ sí lọ́dún 1962, ó sì wà lára àwọn tó fowó ti ilé náà lẹ́yìn.

Orin àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà ń jẹ́ “Ogunde”. Ní Èkìtì tiwa níbí ni Ìrè wà, níbi tí ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ Ògúndé fún wa. Wọ́n ní látinú orin àwọn aláwọ̀ dúdú Brazil ni Coltrane ti mú un. Ẹ wo bí orúkọ yẹn ṣe rìn: ọkọ̀ ẹrú gbé e dé Brazil, fèrè gbé e dé Harlem.

Free jazz ni wọ́n ń pe irú orin yìí. Kò sí ibi tí ẹ lè pàtẹ́wọ́ sí. Coltrane àti Pharoah Sanders ń fi fèrè ké fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 28, Rashied Ali ń lu ìlù òyìnbó, Algie DeWitt sì ń lu bàtá. Bàtá Ṣàngó nínú orin Ògún! Àwọn àgbà ilé wa á ní nǹkan sọ sí ìyẹn.

Ohùn rẹ̀ fọ́ gan-an. Ariwo náà ju agbára máíkì lọ. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yọ ariwo kúrò nínú ohùn, mo sì dán an wò lórí èyí. Bí ariwo ṣe ń lọ ni bàtá ń bá a lọ. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà.

Kò pé oṣù mẹ́ta sígbà náà tí Coltrane kú, ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, lẹ́ni ogójì ọdún. Ọdún 2001 ni wọ́n tó gbé téèpù náà jáde. Olátúnjí ṣì wà láyé nígbà náà; ọdún 2003 lòun náà lọ.

Ẹ lo ẹ́ẹ̀tífóònù o, kí ẹ wá bàtá náà. Ó wà níbẹ̀, lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn.